Kí Ẹ Bá Mi Wo Ìjà Lorcan

Dorchester, Boston
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kejì, 1988

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo sì kí ajá yín tí kì í gbó mọ́ olè. Ara mi le, iṣẹ́ ilé búrẹ́dì ń lọ déédéé, yìnyín kò sì tíì pa mí. Ìkíni ti tó báyìí. Ẹ gbé ife tíì yín sílẹ̀ ná.

Lorcan tún ti na ẹlòmíràn nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́! Bàbá, ó nà án ni o!

Ará Philadelphia kan tó ga bí òpó iná ni wọ́n gbé kò ó lójú lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà wọ inú okùn, mo ní, "Yéè, wọ́n fẹ́ pa ọmọ Drogheda síbí lónìí." Ní abala kìíní, ó ń na ọwọ́ gígùn yẹn, ó ń fi gún Lorcan lójú bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Abala kejì, bákan náà. Ní abala kẹta Lorcan yọ́ wọlé sí i lábẹ́ apá, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́ lé e níhà, gbì, gbì, gbì. Nígbà tó di abala karùn-ún, ọkùnrin gíga ti sùn. Rẹfirí ka ẹẹ́wàá lé e lórí, mi ò rò pé ó gbọ́ ẹyọ kan.

Àwọn ọmọ Ireland ló kún gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́. Àwọn ará Kerry ń pariwo, àwọn ará Mayo ń pariwo, èmi nìkan ni Drogheda, mo sì pariwo ju gbogbo wọn lọ. Ọkùnrin kan yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ìwọ lo bí i ni?" Mo ní, "Bàbá mi ló lu agogo ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́, torí náà panu mọ́." Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mi ò ní ohùn mọ́. Ọ̀gá mi bi mí bóyá òtútù ló mú mi. Mo ní rárá o, Lorcan ló mú mi.

Ṣé ẹ rántí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un wá sí ẹgbẹ́ akànṣẹ́ wa? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìbọ̀wọ́ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, akoto ń bò ó lójú, tó ń ju ẹ̀ṣẹ́ sí afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ lu agogo, ó sì dúró ó ń wò yín, kò mọ̀ pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní, "Ìwọ ọmọ, kí lò ń dúró dè, kí n bá ọ jà á?"

Mo mọ̀ pé ẹ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má dárúkọ ìjà owó, ìjà àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun, sí yín létí mọ́. Mo ti dárúkọ rẹ̀. Ẹ wá nà mí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gan-an rèé: Lorcan ń bọ̀ nílé! Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, yóò jà ní Stadium ní Dublin, abala mẹ́jọ, òun àti ọmọ England kan tí wọ́n ń pè ní Hallam, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ṣubú rí. Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wò ó fún mi. Ẹ má wulẹ̀ tíì dáhùn. Ẹ ro ó ná.

Kí Màmá fi tíì ránṣẹ́. Omi gbóná ni èyí tí wọ́n ń mu níbí, wọ́n kàn fi tíì hàn án lókèèrè ni.

Ọmọ yín,
Dervla


Drogheda
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹta, 1988

Dervla ọmọ mi,

A dúpẹ́ pé ara rẹ le. Tiwa náà le, àfi orúnkún mi tó ń sọ fún mi nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, o sì mọ bí òjò ṣe ń rọ̀ tó níbí. Ajá náà kí ọ, ó ní òun ń gbó, ẹ̀yin lẹ ò gbọ́.

Mo ka lẹ́tà rẹ. Màmá rẹ ní mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ ni.

Mo fẹ́ kí o gbọ́ mi dáadáa. Abala mẹ́ta ni ìjà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, ó parí. Wọ́n á dì mọ́ra, wọ́n á bọ́ akoto, adájọ́ á gbé ọwọ́ ẹni tó mókè sókè, àwọn méjèèjì á sì jọ lọ jẹ sáńwíìṣì tí àwọn ìyá wọn ṣe sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ìjọ. Báyìí la ṣe mọ̀ ọ́n. Báyìí ni Lorcan ṣe gba ife ẹ̀yẹ Ireland, tí èmi pẹ̀lú rẹ jọ fò sókè títí fìlà mi fi bọ́ sí orí Fádà. Ká ní ó ní sùúrù ni, ọdún yìí gan-an ni ìbá lọ sí ìdíje Olympics ní Seoul, kí ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ti Ireland, kí gbogbo ayé rí i. Tẹlifíṣọ̀n tuntun ni mo rà dè é o! Ó bá bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó tẹ̀ lé àwọn oníjà owó lọ, ó ń jà ní ìhòòhò àyà bí ẹni tí wọ́n jí aṣọ rẹ̀ kó. Ọjọ́ yẹn ni mo yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Mi ò lọ sí Stadium. Mo ti wí.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìwọ lo dá ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò sílẹ̀, jẹ́ kí n bi ọ́. O ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Nuala àbúrò rẹ ṣe ìgbéyàwó, o ò wá. Ìyá mi tó gbé ọ pọ̀n kú, káàdì la rí gbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè, "iṣẹ́ pọ̀, Bàbá," "bó bá di ọdún tó ń bọ̀, Bàbá." Lorcan tó ní iṣẹ́ jù ọ́ lọ ń bọ̀ nílé. Ọkọ̀ òfurufú tó máa gbé e, ṣé kò sí àga kan níbẹ̀ fún ọmọ tèmi? Àbí Boston ti dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a ò já mọ́ nǹkan kan mọ́ lójú rẹ?

Jẹ́ ká ṣe é báyìí. Bí o bá wá, màá lọ. Èmi pẹ̀lú rẹ, ẹ̀gbẹ́ ara wa, bíi ti tẹ́lẹ̀, màá tiẹ̀ ra ọ̀dùnkún díndín fún ọ. Bí o ò bá wá, kí ẹnikẹ́ni má pè mí.

Bàbá rẹ,
Malachy Cusack

Dervla, èmi Màmá rẹ ni mo ń kọ èyí sí etí ìwé, ó ti lọ ra sítáǹbù. Abẹ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló fi fọ́tò Lorcan sí. Gbogbo ìgbà tó bá ń wá ìbọ̀sẹ̀, ó ń pẹ́ níbẹ̀ jù. Tíì ń bọ̀.


Dorchester, Boston
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹta, 1988

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì kí Màmá. Tíì dé, mo ti mu ife mẹ́ta kí n tó lè kọ èyí.

Ẹ ò já mọ́ nǹkan kan lójú mi, ṣé ohun tí ẹ kọ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mi ò ní ìwé ìgbélùú, Bàbá. Físà àlejò ni mo fi wọ ìlú yìí, ó sì ti kú tipẹ́. Lorcan ní ìwé tirẹ̀ ní pípé, àwọn tó gbé e wá ló bá a ṣe é. Èmi ò ní. Mo lè jáde kúrò ní Amẹ́ríkà lónìí, kò sẹ́ni tó máa dá mi dúró, ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé mọ́. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè mí ní Drogheda. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń pariwo ní ìjà Lorcan, bí wọ́n ṣe wà nìyẹn. Kì í ṣe èmi nìkan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Màmá Àgbà, ilé búrẹ́dì ni mo wà, omijé mi ń kán sínú ìyẹ̀fun. Mi ò sọ fún yín nítorí mo mọ̀ pé Màmá kò ní sùn mọ́. Ó ti tán.

Ẹ wá gbọ́. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, tí ẹ kì í lè lọ wo ìjà? Èmi ni mo máa ń lọ. Láàárọ̀, ẹ ó jókòó ti ẹyin àti búrẹ́dì sódà yín, èmi á ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀ yín méjì, màá ja gbogbo ìjà náà fún yín ní ilé ìdáná. Màá ṣe Lorcan, màá ṣe ẹni tó ń bá a jà, màá ṣe rẹfirí. Mi ò fo ẹ̀ṣẹ́ kan. Bí mo bá fo ọ̀kan, ẹ ó ní, "Dúró ńbẹ̀. Ọwọ́ òsì ńkọ́?" Mo fọ́ aago Màmá níbi tí mo ti ń ja ìjà àṣekágbá ti ẹkùn Leinster, ẹ sì sọ pé ajá ni.

Bàbá, ó ti kàn yín. Ẹ jẹ́ ojú mi. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ fẹ́ràn ìjà owó, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ wò ó fún mi ni.

Ohun tí ẹ máa wò rèé, kò sí nínú ìwé ìròyìn. Bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ máa ń kúrò nílẹ̀. Bó bá sì fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́ òsì yẹn, èyí tó ń lọ sí abẹ́ ìhà, ó máa ń kọ́kọ́ fi ìbọ̀wọ́ òsì kan itan rẹ̀ fẹ́ẹ́. Láti kékeré ló ti ń ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ dá mi lóhùn o.

Dervla


Dorchester, Boston
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Karùn-ún, 1988

Bàbá mi,

Ṣé kò sí nǹkan? Gbogbo ọjọ́ ni mo ń yọjú sí àpótí lẹ́tà, mi ò rí nǹkan kan bí kò ṣe ìwé ìpolówó àwọn tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Ṣé ẹ bínú ni? Ṣé ara ń dùn yín? Ẹ bú mi, mo fara mọ́ ọn, ẹ ṣáà kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo rí Lorcan kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Mo fún un ní búrẹ́dì tí mo ṣe. Ó ní kí ni kí òun sọ fún Bàbá Dervla bí òun bá pàdé yín. Mo ní kò ní pàdé yín. Ó wò mí, ó jẹ búrẹ́dì náà lójú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kó máa ṣọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń rántí ìjà, mo ń fò sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ń rántí yín, mo ń jókòó padà.

Ọmọ yín ni mo ṣì jẹ́,
Dervla


Drogheda
Ọjọ́ Àìkú, Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Karùn-ún, 1988

Dervla, Dervla, Dervla!

Mi ò ní kí ọ lónìí, kò sáyè. Mi ò ní ohùn, ọwọ́ nìkan ló kù tí mo lè fi pariwo. MO LỌ! O gbọ́? Mo lọ sí Stadium, mo sì rí gbogbo rẹ̀, fìlà mi sì ti sọnù pátápátá.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí o ò fi gbọ́ mi. Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo jáde lọ dúró lẹ́bàá odò Boyne, mo wò ó títí ó fi sú mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bínú sí ọmọ tí kò lè wálé. Mo kọ èsì, mo ya á. Mo kọ òmíràn, Màmá rẹ ní èyí kò dára, mo tún ya á. Kì í ṣe ìwọ ni mo ń bínú sí mọ́, ara mi ni. Nígbà tó di àná, mo dìde, mo wọ kóòtù ọjọ́ Ìsinmi mi. Màmá rẹ kò bi mí léèrè. Ó kàn ki ìgò omi mímọ́ sí àpò mi ọ̀tún, ó ki sáńwíìṣì sí tòsì, ó ní, "Wọ́n èkíní sí Lorcan lára, kí o jẹ èkejì. Má ṣe é lódìkejì o."

Ó yá, mú ìbọ̀sẹ̀ rẹ, kí o máa ja á bí o ṣe ń kà á.

Stadium kún débi pé ẹni tó bá sín, ará ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa bá a nu imú. Lorcan jáde. Àyà rẹ̀ wà níta lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣòkòtò ìjà rẹ̀, Dervla! Aláwọ̀ ẹgbẹ́ wa ni! Wọ́n sì kọ Drogheda sí ìbàdí rẹ̀ gàdàgbà. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Mo ti ń pariwo kí n tó rántí pé mo ní mi ò ní pariwo.

Hallam náà dé. Ọrùn rẹ̀ tó itan mi. Abala kìíní, wọ́n ń wo ara wọn, Lorcan ń fi ọwọ́ òsì bi í léèrè ọ̀rọ̀, Hallam kò dáhùn. Abala kejì, ó dáhùn! Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan jáde, mi ò mọ ibi tó ti wá, Lorcan jókòó sílẹ̀ gbàgà. Mo di ìgò omi mímọ́ mú títí ìdérí rẹ̀ fi ṣí, gbogbo rẹ̀ dà sí mi lẹ́sẹ̀. Lorcan dìde nígbà tí rẹfirí kà á dé eéje. Abala kẹta, ó ń sá, ó ń dì mọ́ ọn, ó ń tiraka, gìgísẹ̀ ọ̀tún sì ti kúrò nílẹ̀ bí o ṣe wí. Agogo dún.

Mo dìde.

Dervla, mo ka lẹ́tà rẹ, mo mọ̀ pé abala mẹ́jọ ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún wo ni mo ti ń lu agogo kẹta kí n tó gba fìlà mi? Ẹsẹ̀ mi ni kò ka lẹ́tà. Mo dé fìlà, mo bọ ọwọ́ ará ẹ̀gbẹ́ mi, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀jú. Ọmọ dáadáa ni, oríire ni kò ní lónìí," mo sì gba àárín àga lọ. Omi ń bọ́ lójú mi. Mo ti ń to lẹ́tà tí màá kọ sí ọ, bí màá ṣe sọ fún ọ pé ó ti padánù, bí mi ò ṣe ní jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Ni obìnrin kan lẹ́yìn mi bá figbe ta:

"Bàbá àgbà! Níbo lẹ̀ ń lọ? Ẹ jókòó jàre, ẹ ń dí mi lójú! Abala márùn-ún ló ṣì kù!"

Gbogbo ìlà yẹn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, bóyá tíì wọn wà lórí iná." Ojú tì mí, mo fẹ́ wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wẹ̀yìn, mo rí Lorcan lórí àpótí rẹ̀ ní igun, wọ́n ń da omi lé e lórí, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Kò dà bí ẹni tó ti padánù. Abala márùn-ún! Orí mi wú. Mo sáré padà sí àyè mi, mo tẹ ẹni méjì mọ́lẹ̀.

Abala kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìkarùn-ún, ó ń lù ú ní ìhà, gbì, gbì, bí o ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìkẹfà, Hallam la ẹnu, ó ń mí bí ẹṣin tó gun òkè. Mo ní sí obìnrin yẹn, "Ẹ máa wò ó, ẹ máa wò ó." Ó ní, "Àb' ẹ ò lọ mọ́?" Ìkeje! Wọ́n wà ní ìhà ọ̀dọ̀ mi gan-an. Mo rí ìbọ̀wọ́ òsì tó sọ̀kalẹ̀, ó kan itan, fẹ́ẹ́. Dervla, mo ti pariwo kí ẹ̀ṣẹ́ tó jáde! Mo ní, "ÌHÀ! ÌHÀ NI!" Ó bá jáde lóòótọ́, abẹ́ ìhà, pàáà! Hallam dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó wá kúnlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Mo ju fìlà. Mo dì mọ́ obìnrin yẹn, ó dì mọ́ mi, ó ń bi mí pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀? Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Mo ní, "Ọmọ mi ló sọ fún mi."

Lẹ́yìn náà Lorcan wá bá mi níbi tí mo dúró sí, ojú kan ti wú pa, ìkejì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Dervla! Ẹ wá! Báwo lẹ ṣe rí i?" Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ṣì ń jábọ́." Ó rẹ́rìn-ín títí ètè rẹ̀ tó là tún fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Ohun tí Dervla máa ń sọ nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tiẹ̀ kí mi kó tó sọ ọ́." Mo fún un ní sáńwíìṣì. A pín in sí méjì, a jẹ ẹ́ lórí ìdúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Jàǹtírẹrẹ ni ọ̀rọ̀ ìjà owó tí mo fẹ́ bá a sọ, mi ò rántí ìkankan.

Nídìí sáńwíìṣì yẹn ló ti sọ fún mi pé ìjà òun tó kàn, Boston ni, oṣù Kẹsàn-án, abala mẹ́wàá. Mo bi í léèrè bí ọkọ̀ òfurufú ṣe rí. Ó ní, "Ẹ ó jókòó, wọn ó fún yín lóúnjẹ, ẹ ó dé." Mo ní ṣé ìyẹn ni gbogbo rẹ̀? Ó ní ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti ń bẹ̀rù nǹkan ọ̀hún!

Ìwọ ni ò lè jáde. Ta ló sọ pé èmi ò lè wọlé? Láàárọ̀ òní, lẹ́yìn Máàsì, mo ti bá ọlọ́pàá wa sọ̀rọ̀, yóò bá mi fọwọ́ sí fọ́tò ìwé ìrìnnà mi lọ́la láti jẹ́rìí pé èmi ni, kí n tó lọ béèrè físà. Ó ní fọ́tò náà dà bí ẹni tí wọ́n mú. Màmá rẹ ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú mi, òun yóò kàn di ojú òun tí wọ́n bá ń jà, kí o sì ra tíì gidi kí òun tó dé. Fọ́tò Lorcan ti padà sára ògiri. Mo fi tìrẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Gba àga mẹ́ta fún wa, má jẹ́ kó jìnnà sí okùn. Jókòó tì mí, ní ọwọ́ òsì mi, bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí o bá sì rí i tí agogo kẹta dún tí mo tún ń dé fìlà, fà mí lẹ́wù, ọmọ mi, kí o sọ fún mi pé ó ṣì kù.

Bàbá rẹ,
Malachy